Ọpẹ́ Tó Ṣìnà

"Sájẹ́ǹtì, wá wo nǹkan. Ọkùnrin yìí kì í gba omi lọ́wọ́ èèyàn kó má dúpẹ́."

Ọ̀gá mi ló sọ bẹ́ẹ̀, ó sì yí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọ́fíìsì ni, bàtà mi rin gbindin, òjò sì ti bà mí nínú jẹ́ láti ilé. Ta ló fẹ́ kàwé láàárọ̀?

Wọ́n ń pe ọ̀gá mi ní Abẹ́rẹ́. Obìnrin tín-ín-rín ni, ohùn rẹ̀ kì í ròkè, ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Èmi àti ẹ̀ la jọ wọṣẹ́ ọlọ́pàá. Òun gòkè, èmi wà níbi tí mo wà. Lójú ayé, "ẹ" ni mo ń kí i. Nínú ìtàn yìí, ẹ jẹ́ kí gbogbo èèyàn máa jẹ́ "ó", kí n lè ráyè sọ̀rọ̀ mi.

Búlọ́ọ̀gì ló wà lójú kọ̀ǹpútà náà. Bàbá àgbàlagbà kan ló ni ín, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Tíṣà. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa wá ohun tuntun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń ṣe káàkiri ayé. Èyí tó bá wù ú, á fi líǹkì rẹ̀ síbẹ̀, á sọ tẹnu rẹ̀ sí i, á yin ẹni tó yẹ ní yíyìn, á sì bú ẹni tó bá tọ́ sí èébú. Nísàlẹ̀ pátápátá, á wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó júwe líǹkì náà fún un. Àṣà àwọn tó ń kọ búlọ́ọ̀gì ni: ẹni tó bá fọ̀nà hàn ọ́, o ò gbọ́dọ̀ ṣe bíi pé ìwọ lo là á.

"Gbọ́," Abẹ́rẹ́ ní, ó ń kà á. "Ẹ̀rọ tó ń kàwé fún afọ́jú: ọpẹ́ ni fún Oníṣègùn Eyín. Pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ tí kì í jò: ọpẹ́ ni fún Ẹyẹ-Àárọ̀. Bátìrì oníyọ̀: ọpẹ́ ni fún Àǹtí Aláṣọ. Gbogbo ẹ̀ pátá ló ní ọlọ́pẹ́, àfi ìwádìí kọ́kọ́rọ́ yìí."

"Ó gbàgbé ni."

"Ẹni tó dúpẹ́ nítorí pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́? Irú ẹ̀ kì í gbàgbé, Sájẹ́ǹtì."

Ìwádìí kọ́kọ́rọ́ yẹn gan-an ló kó wa sínú wàhálà. Iléeṣẹ́ kan wà tó ń ṣe kọ́kọ́rọ́ ìgbàlódé, èyí tí fóònù ń ṣí. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ níbẹ̀, tí Tíṣà kọ́ nílé-ìwé nígbà kan, rí i pé bí bátìrì kọ́kọ́rọ́ náà bá ti ń kú lọ, fóònù ẹnikẹ́ni ló lè ṣí i. Ó sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n ní kó panu mọ́, wọ́n sì ń tà á lọ ràì. Ló bá kọ ìwádìí rẹ̀ síta lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láìfi orúkọ sí i, ó fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí Tíṣà. Tíṣà gbé e jáde, ó sì bú iléeṣẹ́ náà bó ṣe yẹ.

Kò pẹ́ sígbà náà, ẹnì kan wọ ilé ọ̀dọ́bìnrin yìí lọ́sàn-án gangan, ó gbé kọ̀ǹpútà tí ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú ẹ̀. Obìnrin náà ṣàdédé darí wálé. Onítọ̀hún tì í látẹ̀yìn lórí àtẹ̀gùn, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Egungun itan rẹ̀ dá. Ilẹ̀kùn ò fọ́, fèrèsé ò là. Fóònù méjì péré ni wọ́n ní ó ń ṣí ilẹ̀kùn yẹn: tirẹ̀, àti ti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tí wọ́n jọ ń gbé. Àbúrò yìí ló wà látìmọ́lé wa. Bí a ò bá rí ẹlòmíì mú, ẹ̀wọ̀n ló ń lọ yẹn.

*

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fi okùn gbé ẹsẹ̀ ọ̀dọ́bìnrin náà sókè. Ojú rẹ̀ ti wú, ẹkún ló sì fà á ju ìṣubú lọ.

"Ta ló mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ kọ ìwádìí yẹn?" Abẹ́rẹ́ bi í.

"Èèyàn méjì. Tíṣà àti àbúrò mi."

"Kò sí ẹlòmíì?"

"Ta ni mo tún fẹ́ sọ fún? Láti ọjọ́ tí mo ti fi líǹkì yẹn ránṣẹ́ sí Tíṣà, mi ò dé orí búlọ́ọ̀gì wọn mọ́, kí àwọn ibi iṣẹ́ wa má baà rí ẹsẹ̀ mi níbẹ̀."

"Ṣé Tíṣà ò lè sọ ọ́ jáde?"

Ó wo Abẹ́rẹ́ bíi pé ó bú bàbá rẹ̀. "Tíṣà? Kí wọ́n kú ni, ọ̀gá. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má dárúkọ mi, wọn ò sì dárúkọ mi."

"Àbúrò yín ń kọ́?"

Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ibi iṣẹ́ wa náà ló ń ṣiṣẹ́, nínú sítọ́ọ̀. Èmi ni mo wọlé-wọ̀de kí wọ́n tó gbà á. Ní ọ̀sẹ̀ tó lọ, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi í ṣe olórí sítọ́ọ̀. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé! Kí ló tà fún wọn?" Ó yí ojú sí ògiri. "Nígbà tí ìyá wa kú, ẹ̀yìn mi ló gùn. Èmi ni mo tọ́ ọ. Bí ẹ bá tú u sílẹ̀, ẹ má jẹ́ kó wá síbí o. Mo ti sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì."

Nígbà tí a jáde, mo ní, "Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ ti yanjú."

"Ọ̀rọ̀ ti rọrùn ni," ó ní. "Ìyẹn yàtọ̀."

*

Ọmọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ nínú àtìmọ́lé, ó ká orúnkún méjèèjì mọ́ra. Kò béèrè lọ́yà, kò béèrè omi.

"Níbo lo wà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn?"

"Mo sùn sínú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kẹ́rù."

"Ta ló rí ẹ?"

"Ta ló ń wo ẹni tó ń sùn, mà?"

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ọ létí. Abẹ́rẹ́ gbé ọwọ́ sókè, mo sọ tèmi kalẹ̀.

"Ṣé ìwọ lo sọ fún wọn níbi iṣẹ́ pé ẹ̀gbọ́n ẹ ló kọ ìwádìí náà?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ní èmi ni?"

"Wọ́n ní ìwọ ni."

Ó gbé orí lé orúnkún. "Bí àwọn bá ti ní èmi ni, kí ni mo tún fẹ́ sọ? Ẹ kọ ohun tó bá wù yín."

Kò sí ìbéèrè tí Abẹ́rẹ́ tún bi í tó dáhùn. Lójú tèmi, a ti mú olè. Ẹni tí kò bá jẹ̀bi a máa pariwo, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Abẹ́rẹ́ ní kì í ṣe gbogbo ìgbà. Ẹlòmíì wà tó jẹ́ pé ibi tó ti dùn ún jù ló ti ń dákẹ́.

Ó mú mi lọ sí ilé wọn. Kọ́kọ́rọ́ ìgbàlódé yẹn gan-an ló wà lẹ́nu ọ̀nà, torí iléeṣẹ́ náà fún gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Iná pupa kékeré kan ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ní kí n gba áàpù iléeṣẹ́ náà sórí fóònù mi. Mo gbà á, pẹ̀lú ìkùnsínú. Ó ní kí n gbé fóònù náà sún mọ́ ilẹ̀kùn.

Ilẹ̀kùn ṣí gbayawu.

"Háà!" Mo wo fóònù mi bíi pé ó jalè lójú mi.

"Bátìrì rẹ̀ ti ń kú lọ. Gbogbo ẹni tó ka búlọ́ọ̀gì Tíṣà ló mọ̀ pé ó ṣeé ṣí báyìí," Abẹ́rẹ́ ní. "Nítorí náà, fóònù méjì kọ́. Ìbéèrè tó kù ni pé, nínú gbogbo ilẹ̀kùn tó wà láyé, ta ló ní kí olè yìí wá síwájú eléyìí?"

*

Iléeṣẹ́ náà mọ́ tónítóní, ó sì tutù débi pé aṣọ mi tó rin fẹ́ pa mí. Olórí ẹ̀ṣọ́ wọn ló pàdé wa. Ó wọ kóòtù, ó so táì, irun rẹ̀ gún régé.

"Ẹ káàbọ̀, Kọ́púrà," ó kí mi.

"Sájẹ́ǹtì ni mo jẹ́."

"Ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n àmì èjìká yín wọ́, ó yẹ kó dọ́gba." Ó ní ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ la máa lọ. Mo ní a mọ̀, òkè kẹta ni. "Òkè kejì ni," ó ní, "ìsàlẹ̀ kì í ṣe òkè." Ẹ̀yin náà mọ irú wọn. Bí o bá sunkún òkú níwájú wọn, wọ́n á ní ohùn ẹ ò rí bó ṣe yẹ.

"Ṣé ẹ máa ń ka búlọ́ọ̀gì bàbá tó bú yín yẹn?" Abẹ́rẹ́ bi í bí a ṣe ń gòkè.

"Èmi? Mi ò ráyè ìsọkúsọ arúgbó. Mi ò dé ibẹ̀ rí."

Ní òkè, ẹni tó ń bá ọ̀dọ́bìnrin náà jókòó ti kó sídìí tábìlì rẹ̀. Obìnrin onígíláàsì nípọnnípọn kan ni, wọ́n ń pè é ní Olójú-Mẹ́rin. Ọkàn mi fò lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ kíá. Ẹni tó gba àga ẹni, ṣé kò lè jẹ́ òun ló ti ẹni ṣubú?

"Ẹ ti jogún ibẹ̀ kí onílé tó kú," mo ní.

Ó fò dìde. "Ẹ̀yin ọlọ́pàá, ẹ má bá mi ṣeré yẹn o! Wọ́n ní kí n máa bá a dá iṣẹ́ ẹ̀ ṣe ni. Ṣé ẹ rí i kí n fọwọ́ kan ẹrù ẹ̀? Kọ́ọ̀bù ẹ̀ nìyẹn, mò ń bá a nù ún lójoojúmọ́."

Abẹ́rẹ́ gbé kọ́ọ̀bù náà. Ó dúró. Mo rí i pé ọrùn rẹ̀ le díẹ̀, bó ṣe máa ń le bí nǹkan bá ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kan sí ara kọ́ọ̀bù náà: Ẹyẹ-Àárọ̀.

"Ta nìyí?"

"Òun náà ni. Gbogbo ọ́fíìsì ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ṣáájú ẹ̀ débí láàárọ̀. Òun fúnra ẹ̀ ló sọ orúkọ yẹn fún wa, ó ní olùkọ́ òun ló fún òun, nígbà tí òun wà ní kékeré."

Abẹ́rẹ́ ya àwòrán kọ́ọ̀bù náà. A padà sínú ọkọ̀. Ibẹ̀ ló ti ní, "Sájẹ́ǹtì, ó wù mí kó jẹ́ àbúrò ẹ̀ ni."

*

Inú Tíṣà dùn láti rí wa. Ó kó àwọn ìwé kúrò lórí àga fún wa, ó ń bi wá bóyá a ti ka ti àárọ̀ yẹn. Tábìlì rẹ̀ kún fún wáyà àti rédíò tó ti tú palẹ̀. Ó ní ọkàn òun ò balẹ̀ lórí ọmọ òun tó wà nílé ìwòsàn, òun ń lọ wò ó lọ́jọ́ kejì.

"Bàbá," Abẹ́rẹ́ ní, "ta ló fún yín ní líǹkì pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ yẹn?"

"Pọ́ǹpù wo? Ẹ̀n-ẹ́n! Ti ọjọ́sí. Èmi fúnra mi ni mo rí i."

"Ṣùgbọ́n ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kan."

Ó rẹ́rìn-ín ẹni tí ọgbọ́n ara rẹ̀ dùn mọ́. "Ẹ ti rí mi mú. Ẹ gbọ́, ọmọ yẹn bẹ̀ mí pé kí n má dárúkọ òun, mo sì pa á mọ́. Mi ò fi ọpẹ́ kankan sábẹ́ ìwádìí ẹ̀. Ṣùgbọ́n oorun ò kùn mí. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Èmi ni mo fi kọ́ wọn ní kíláàsì! Ọmọ fi iṣẹ́ ẹ̀ wewu nítorí aráyé, kí èmi jẹ ẹ́ tán kí n nu ẹnu? Mo ní kí n gbé ọpẹ́ ẹ̀ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ní wò. Ta ló ń wo abẹ́ pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́?"

"Ẹ sì pè é ní Ẹyẹ-Àárọ̀."

"Àwa méjèèjì nìkan la mọ orúkọ yẹn. Ó máa ń dé kíláàsì kí n tó ṣílẹ̀kùn, mo bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́. Mo rò pé bí òun náà bá rí i, á mọ̀ pé mo moore."

Abẹ́rẹ́ gbé fóònù rẹ̀ síwájú Tíṣà. Bàbá náà wọ gíláàsì, ó wo àwòrán kọ́ọ̀bù náà.

"Orí tábìlì ẹ̀ níbi iṣẹ́ ni mo ti rí i," Abẹ́rẹ́ ní. "Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe ń pè é níbẹ̀."

"Ó ṣì ń jẹ́ ẹ?" Ojú Tíṣà tàn. Mo búra fún yín, inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn. "Láti ìgbà yẹn? Ó mú un dání láti ìgbà..." Ó yọ gíláàsì lójú, ó tún wọ̀ ọ́, ó tún yọ ọ́.

Abẹ́rẹ́ fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tò ó fún un. "Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wọn ń ṣọ́ búlọ́ọ̀gì yín, kó lè mọ ẹni tó tú àṣírí wọn. Ó rí i pé ẹ kì í ṣe aláìdúpẹ́, ẹ ò sì dúpẹ́ nídìí ìwádìí yẹn. Ó mọ̀ pé ẹ ń bo ẹnì kan. Èyí tó tẹ̀ lé e gan-an ni pọ́ǹpù, ẹni tí ẹ ò dárúkọ rẹ̀ rí ló sì gba ọpẹ́ ibẹ̀. Ó sì mọ ẹni tó ń jẹ́ orúkọ náà."

"Èmi ni," Tíṣà ní.

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ tì í, bàbá."

"Èmi ni mo júwe ilé ẹ̀ fún wọn." Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. "Ọpẹ́ ni mo ṣe! Ọpẹ́ lásán ni mo ṣe o!"

Mi ò mọ ibi tí mo máa kojú sí. Ẹkún àgbàlagbà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń wò.

*

Ó ku ká mú ẹni tó ka ọpẹ́ yẹn. A padà sí iléeṣẹ́ náà, Abẹ́rẹ́ jókòó síwájú olórí ẹ̀ṣọ́, ó ń fi ọwọ́ nu ojú bí ẹni tó rẹ̀.

"Ẹ bá wa yọ̀, iṣẹ́ ti tán," ó ní. "Àbúrò ẹ̀ ló jalè. Ẹ̀bi bàbá oníbúlọ́ọ̀gì yẹn sì ni. Ó lọ kọ Ẹyẹ-Àárọ̀ gàdàgbà sábẹ́ ìwádìí kọ́kọ́rọ́ yín, gbogbo ayé rí i..."

"Kì í ṣe abẹ́ ìwádìí," olórí ẹ̀ṣọ́ ní. "Abẹ́ pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ ni."

Abẹ́rẹ́ sọ ọwọ́ kalẹ̀. "Ibi tí ẹ ò dé rí."

Ojú olórí ẹ̀ṣọ́ ranko. Nígbà tí mo ṣí búùtù ọkọ̀ rẹ̀, kọ̀ǹpútà ọ̀dọ́bìnrin náà wà lábẹ́ táyà, ó fi kóòtù kan wé e.

"Wọ́n ní kí n wá ẹni náà rí ni," ó ń wí bí mo ṣe ń fi ìdè sí i lọ́wọ́. "Wọn ò ní kí n fọwọ́ kàn án. Mi ò mọ̀ pé á darí wálé."

"Orúkọ 'wọn' yẹn lo máa sọ fún wa ní téṣàn," Abẹ́rẹ́ ní.

Mo rò pé inú mi á dùn. Kò dùn rárá.

*

Tíṣà bẹ Abẹ́rẹ́ pé kó má sọ ọ́ fún ọmọ náà, kó jẹ́ kí òun fẹnu ara òun sọ ọ́. A jọ wọ yàrá ilé ìwòsàn náà ni. Bí ọ̀dọ́bìnrin náà ṣe rí i, ó na ọwọ́ sí i.

"Ẹ ṣé tí ẹ wá, sà. Ẹ ṣé gan-an." Ó nu ojú. "Èèyàn méjì ni mo fọkàn tán. Ẹ̀yin nìkan lẹ bá mi pa á mọ́."

Tíṣà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní lọ́kàn mi pé kò ní lè sọ ọ́. Ó sọ ọ́. Gbogbo rẹ̀ ló sọ, àti ọpẹ́, àti pọ́ǹpù, àti orúkọ, kò yọ ara rẹ̀ sílẹ̀ níbì kankan. Abẹ́rẹ́ fi ti olórí ẹ̀ṣọ́ kún un, àti ti ilẹ̀kùn.

Ọ̀dọ́bìnrin náà fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

"Ta ló wà nínú àtìmọ́lé yín?" ó bi mí.

"Àbúrò yín. A máa tú u sílẹ̀ báyìí."

"Ẹ bá mi mú un wá. Ẹ jọ̀ọ́, Sájẹ́ǹtì. Ẹ sáré."

Mo sáré. Mo tú u sílẹ̀, mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún un nínú ọkọ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́ fún apá tèmi. A dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dúró, ó ń wo àwọn fèrèsé òkè.

"Wọ́n ń retí ẹ," mo ní.

"Mo mọ̀." Ó tún bẹ́líìtì rẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá padà fún un ṣe. "Ẹ̀yin ò mọ̀ mí rí, sà. Bí ẹ bá pè mí lólè, mi ò ní bínú. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ mí. Wọn ò bi mí. Wọn ò tiẹ̀ ránṣẹ́ bi mí pé, 'Ṣé ìwọ ni?'" Ó mi orí. "Ẹ bá mi sọ fún wọn pé ara wọn á yá."

Mo pè é, ó ń lọ. Mo tún pè é. Kò wẹ̀yìn.

Nígbà tí mo padà wọlé, ọ̀dọ́bìnrin náà ti ní kí wọ́n gbé àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì òun, ó ti fi ọwọ́ tún irun rẹ̀ ṣe. Ó wo ẹ̀yìn mi, ó wo ojú mi.

"Ó dà?"

"Ó ní ara yín á yá."

Nọ́ọ̀sì kan wọlé, ó ní àlejò wà lódìkejì tí kò rí ibi jókòó sí, ó sì na ọwọ́ sí àga náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í síbẹ̀," ọ̀dọ́bìnrin náà ní. "Àbúrò mi ló ni ín."

Nọ́ọ̀sì náà fi í sílẹ̀. Tíṣà fara ti ògiri. Mo ní kó jókòó díẹ̀, ó mi orí. Báyìí la ṣe dúró, àwa mẹ́ta, yí àga òfìfo ká, títí wọ́n fi ní kí àlejò máa lọ.